Bí Mo Ṣe Lọ Wá Aṣòdì-sí-Kristi Nínú Igbó Ìparí

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ará ilé mi, àti ẹ̀yin àlejò tí ẹ gbọ́ òórùn ẹran sísun tí ẹ fi yà wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọjọ́ tí ayé yóò parí ṣùgbọ́n tí ẹ kò mọ ọjọ́ tí òjò yóò rọ̀, iwájú gan-an ni kí ẹ jókòó sí, nítorí ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ sọ. Jóòbù Ọdẹ́jọbí ni orúkọ mi. Bàbá mi ló sọ mí ní Ọdẹ́jọbí, ìyá mi ló gbé Jóòbù bọ̀ láti ilé ìjọsìn, n kò sì tíì mọ èyí tó fi ìyà jẹ mí jù nínú méjèèjì. Mo ti dojú kọ ẹfọ̀n tó ń sáré bọ̀ wá bá mi, òun ló kọ́kọ́ yà kúrò lọ́nà. Ẹranko tó bá rí mi nínú igbó tí kò sá, bóyá afọ́jú ni, tàbí kó jẹ́ pé ayé ti sú u. Bí mo ṣe ń di àpò mi àti bí mo ṣe ń nu ìbọn mi, n kò ní fi ìyẹn gba àsìkò yín. Ohun tí ojú mi rí ni kí ẹ gbọ́.

Ní ọdún tí mo ń sọ yìí, Wòlíì Eṣíkíẹ́lì, olórí Ìjọ Ìmúrasílẹ̀ ní ìlú wa Ìrójú, kéde láti orí àga ìwàásù pé òpin ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní Aṣòdì-sí-Kristi, ẹlẹ́tàn ńlá tí yóò dìde kí Olúwa tó padà wá, ti wà láyé, ó ti dàgbà, ó sì wà nítòsí wa. Inú àwọn ará ìlú mi dùn gan-an, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Nínú gbogbo ìlú ńláńlá tó wà láyé, àwọn tó ní pápákọ̀ òfurufú àti iná tí kì í kú, Ìrójú tí afárá rẹ̀ ti já ni ẹlẹ́tàn náà yàn. A ń gbéra ga sí àwọn ìlú tó yí wa ká. Kò sẹ́ni tó kọ ebè mọ́, wọ́n ní ta ni yóò jẹ iṣu náà? Wòlíì fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi páànù tuntun kan ilé rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Nígbà tí mo bi í léèrè pé kí ni yóò fi páànù tó lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ṣe, ó ní òun fẹ́ kí Olúwa bá òun lábẹ́ òrùlé tó bójú mu.

Nígbà tí wọ́n ti kéde ẹlẹ́tàn, ó wá ku kí wọ́n rí i. Ọkùnrin kan wà ní ìlú wa tó ń jẹ́ Akínlàjà, gbẹ́nàgbẹ́nà ni, àjèjì ni, ìhà kejì odò ló ti wá. Ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Òun ló parí ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín àwọn ará Òkè-Ìrójú àti àwọn ará Ìsàlẹ̀, ìjà tí àwọn bàbá wa jà, tí àwa náà jà, tí a sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa. Ó kàn jókòó pẹ̀lú wọn ni, ó ń gbọ́ tibí, ó ń gbọ́ tọ̀hún, títí tí ìjà náà fi rẹ àwọn tó ń jà á. Ìwà yìí ló kó bá a. Wọ́n ní ṣé wọn kò ti kìlọ̀ fún wa pé àlàáfíà ni ẹlẹ́tàn náà máa kọ́kọ́ gbé wá? Wọ́n tún rí àpá ńlá kan ní orí rẹ̀, níbi tí igi ti wó lù ú nígbà kan rí, wọ́n ní ẹranko inú Ìfihàn náà ní ọgbẹ́ tó jinná lórí. Ajíhìnrere kan jókòó, ó ń ṣírò lẹ́tà orúkọ rẹ̀ kí ó lè di ọ̀tàlélẹ́gbẹ̀ta ó lé mẹ́fà, tí í ṣe iye ẹranko náà. Nígbà tí iye náà kò pé, ó fi orúkọ ìyá rẹ̀ kún un. Nígbà tí ó tún ṣẹ́kù díẹ̀, ó fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún un. Báyìí ni ẹni tó bá wa parí ìjà ṣe di ọ̀tá gbogbo wa. Wọ́n ní àwọn yóò sun ilé rẹ̀, àwọn yóò sì tì í sínú odò kó wẹ̀ padà síbi tó ti wá, bẹ́ẹ̀ odò náà kún.

Mo dìde nínú ìpàdé. Kì í ṣe pé mo nígboyà ju ẹlòmíràn lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo nígboyà ju ẹlòmíràn lọ lóòótọ́. Ọkùnrin yìí ló bá èmi àti ẹ̀gbọ́n mi parí ìjà kí ẹ̀gbọ́n mi tó kú, n kò sì lè jókòó kí n máa wò ó. Mo ní, "Wòlíì, nínú ìran tí ẹ rí, níbo gan-an ni ẹlẹ́tàn náà jókòó sí?"

Wòlíì ní, "Mo rí igi púpọ̀ yí i ká."

Mo ní, "Igi tó dúró ni, àbí igi tí gbẹ́nàgbẹ́nà ti là sí pákó?"

Wọ́n wo ara wọn. Mo ní, "Bí igi bá ṣì dúró, igbó ni, Igbó Ìparí ló sì tóbi jù lágbègbè yìí. Ẹ jẹ́ kí ọdẹ lọ wò ó kí ẹ tó pa aláìṣẹ̀." Wòlíì ronú, ó gbà. Ó ní bí n kò bá mú ẹlẹ́tàn náà tàbí ẹ̀rí rẹ̀ dé kí ìsìn Ìkórè tó parí, a jẹ́ pé Akínlàjà ni. Ẹ sì rántí pé kò sẹ́ni tó gbin nǹkan kan lọ́dún náà, ṣùgbọ́n Ìkórè ṣì wà, nítorí ẹgbẹ́ akọrin ti kọ́ orin rẹ̀.

Àṣàkẹ́ ìyàwó mi di ẹ̀wà yíyan fún mi. Ó ní, "Bàbá Fẹ́yíṣayọ̀, bí ẹ bá rí i, ẹ má bá a sọ̀rọ̀ nípa ẹfọ̀n yẹn. Ẹ tètè padà." Mo yà kí Akínlàjà. Ilẹ̀kùn ló ń kàn lọ́wọ́, ilẹ̀kùn ọ̀kan lára àwọn tó fẹ́ sun ilé rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má lọ kú nítorí tèmi."

Mo ní, "Ẹni tó máa kú nínú igbó kọ́ ni mí."

Ó ní, "Ó dáa. Bí ẹ bá rí ọkùnrin náà, ẹ bá mi kí i. Ẹ ní mo ń bá a jẹ ìyà rẹ̀." Ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ bá pàdé ní ẹnu Igbó Ìparí ni iwin kan tó ń jẹ́ Aṣẹ́yìnwò. Ó ga bí ọ̀pẹ, ẹ̀yìn orí ni ojú rẹ̀ wà, iwájú ló sì ń rìn sí, tó fi jẹ́ pé ó ń rí gbogbo ibi tó ti kọjá, kò sì rí ibi tó ń lọ rárá. Ó ti kọ lu igi púpọ̀, ara rẹ̀ kún fún kókó. Ó na ọwọ́ dí ọ̀nà, ó ní kò sẹ́ni tó ń wọlé tí òun kì í bi ní ìbéèrè, pé bí n bá kùnà, òun yóò gba ohun tó wù òun lọ́wọ́ mi.

Ó ní, "Kí ni ó ń bọ̀ lójoojúmọ́ tí kò tíì dé rí?"

Mo ní, "Ọ̀la ni. Bó bá ti dé, òní ni à ń pè é."

Ó ní, "Ta ni ó ń ròyìn ọ̀la lójoojúmọ́ tí kì í padà wá sọ ohun tí ìròyìn àná rẹ̀ dà?"

Mo ní, "Èyí rọrùn. Ilé mi kò jìn sí tirẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kan páànù."

Inú iwin náà dùn, ó rẹ́rìn-ín títí, ó tún kọ lu ìrókò kan. Ó wá ní, "Kí ni ó ti dé tipẹ́tipẹ́ tí gbogbo ayé ṣì ń dúró de ní ẹnu ọ̀nà?" Mo ronú, mo ronú. Mo ní ikú ni. Ó ní rárá, gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ikú ti dé. Mo ní ìyàn ni. Ó ní rárá. Ó ní, "Ẹ̀tàn ni. Ẹ̀yin èèyàn máa ń fi ẹ̀ṣọ́ sí ẹnu ọ̀nà nítorí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló ń se oúnjẹ fún àwọn ẹ̀ṣọ́." Ó sì gba gbogbo ẹ̀tù ìbọn mi, kò fi ìwọ̀nba díẹ̀ sílẹ̀. Báyìí ni èmi, Jóòbù Ọdẹ́jọbí, ṣe gbé irin lásán lé èjìká wọ inú igbó tí àwọn ọdẹ tó ní ẹ̀tù kò ti bọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ pé ẹsẹ̀ mi gbọ̀n, ẹni tó sọ ọ́ kò sí níbẹ̀.

Mo rìn títí mo fi dé ẹsẹ̀ àpáta ńlá kan, mo gbọ́ orin lórí rẹ̀, mo gùn ún. Àwọn ènìyàn ni mo bá níbẹ̀, wọ́n wọ aṣọ funfun, tàbí kí n sọ pé aṣọ náà ti jẹ́ funfun nígbà kan. Ikán ti jẹ etí rẹ̀, ewé ti hù ní èjìká àwọn mìíràn, ẹyẹ ẹ̀ga sì ti kọ́ ilé sí irùngbọ̀n olórí wọn. Bàbá Oníṣirò ni wọ́n ń pè é. Ó ní àwọn ń dúró de òpin ayé ni. Mo bi í pé ìgbà wo ni yóò dé. Ó ní ó yẹ kó ti dé nígbà tí òun wà ní ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n òun gbàgbé láti yọ ọdún kan kúrò nínú ìṣirò. Ó tún yẹ kó dé lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n òun yọ ọdún náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìṣirò tuntun wá fi hàn pé lónìí gan-an ni ẹlẹ́tàn náà yóò gun àpáta. Bó ṣe sọ èyí tán, ó wò mí, gbogbo wọn sì wò mí.

Ẹnìkan ní, "Ó wọ awọ ẹranko." Òmíràn ní, "Ẹranko náà nìyí." Ẹnìkẹta ní igi tó ń tu iná ló gbé kọ́ èjìká yẹn. Mo ní ọdẹ ni mí, mo ń wá ẹlẹ́tàn náà ni. Wọ́n ní ohun tí ẹlẹ́tàn máa sọ gan-an nìyẹn. Mo ní ó dáa, èmi ni ẹlẹ́tàn náà. Wọ́n ní ẹ gbọ́, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi wá ohun tí ó yẹ kí n sọ. Wọ́n gbé mi lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, wọ́n ń fi orin aládùn gbé mi lọ sí etí àpáta láti jù mí sísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti sọ sí mi lórí. Mo ní, "Kí ẹ tó jù mí, ẹ jọ̀wọ́, ṣé àárọ̀ ni ẹ ṣírò pé n ó dé ni, àbí ọ̀sán?"

Bàbá Oníṣirò ní àárọ̀ ni. Ọkùnrin kan tó di ẹsẹ̀ mi òsì mú ní irọ́ ni, ọ̀sán ni, pé òun ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí. Àwọn ará àárọ̀ jù mí sílẹ̀ láti kọjú sí àwọn ará ọ̀sán. Wọ́n pe ara wọn ní aládàámọ̀, wọ́n pe ara wọn ní ọmọ ìparun, wọ́n wá ń fi aṣọ funfun fa ara wọn lọ́rùn. Àwọn tí wọ́n ti jọ dúró láti ìgbà èwe wọn. Mo rá pálá gba abẹ́ ẹsẹ̀ wọn kúrò.

Ìyá arúgbó kan ló fà mí lápá wọ inú pàlàpálá àpáta. Rúùtù ni ó pe ara rẹ̀. Kò bá wọn jà, ó ní ọ̀rọ̀ àárọ̀ àti ọ̀sán ti sú òun. Ó ní, "Ọmọ mi, gba ibí yìí sọ̀kalẹ̀. Ẹni tí o ń wá ń gbé ní gbangba kan níwájú. Ṣọ́ ẹnu rẹ níbẹ̀."

Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká jọ lọ. Èmi yóò mú yín délé tí mo bá ń padà."

Ó wo ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Bí mo bá lọ lónìí, tí Ó sì dé lọ́la ńkọ́? Ohun tí mo ń sọ fún ara mi nìyẹn láti ìgbà tí irun mi ti dúdú. Mo fi ọmọkùnrin kan sílẹ̀ nílé. Mo rò pé kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, a ó ti pàdé lókè." Kò sọkún. Ó kàn sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ibi tó fi ọbẹ sí. Mo ní kó ronú sí i, mo sì kọjá lọ.

Mo dé gbangba náà nígbà tí oòrùn wà lókè. Àga kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, àga dáradára, tìmùtìmù rẹ̀ rọ̀, ó rí bíi pé wọ́n fi ara mi wọ̀n ọ́n. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ẹnìkan dúró sí. Ojú rẹ̀ dán bí ẹyin tí a bó, kò ní imú, kò ní ẹnu, síbẹ̀ ó ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì dùn. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, ọdẹ tó ju ọdẹ lọ. Ẹ jókòó." Mo jókòó. Ó ti rẹ̀ mí, mo sì gbà pẹ̀lú gbogbo ọ̀rọ̀ tó sọ.

Mo ní, "Ṣé ìwọ ni Aṣòdì-sí-Kristi?"

Ó ní, "Kí ni wọ́n sọ fún yín pé mo jọ?"

Mo ní wọ́n ní ó ní orí méje. Kí n tó pa ẹnu dé, orí méje ti yọ, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ní Wòlíì wa sọ pé ó ní ìwo pẹ̀lú. Ìwo yọ. Mo ní àwọn kan sọ pé ọba ilẹ̀ òkèèrè kan ni. Adé bọ́ sí orí àárín. Ó ní, "Ẹ ṣeun. Ìlú kọ̀ọ̀kan tó bá wá ló ń fún mi ní nǹkan. Àwọn kan wá láìpẹ́ yìí, wọ́n ní inú ẹ̀rọ ni mo ń gbé. Ó tó ọjọ́ mélòó kan tí ara mi fi ń hó yee bíi rédíò." Ó wá bi mí pé kí ló gbé mi wá. Mo ròyìn Akínlàjà fún un.

Ó mí kanlẹ̀, bí ẹni tí àánú ṣe. Ó ṣẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìwo náà, ó nà án sí mi. Ó ní, "Ẹ mú un lọ. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ti pa mí. Ọ̀rẹ́ yín yóò yè, ẹ̀yin yóò sì di ẹni ńlá. Ta ni yóò pa lára?"

Mo ní, "Kí ni ìwọ yóò rí jẹ níbẹ̀?"

Ó ní, "Kò sí. Kí wọ́n ṣáà gbà pé mo ti kú sínú igbó, kí olúkúlùkù lọ sùn, kó má yẹ ilé ara rẹ̀ wò."

Ẹ̀yin ará, ẹ má kánjú dá mi lẹ́jọ́. Ẹ̀mí ọ̀rẹ́ mi ni mo wò nínú ìwo yẹn, mo sì gbà á. Bí mo bá tilẹ̀ rí ère ara mi pẹ̀lú ní ìkóríta Ìrójú, ìyẹn náà wà níbẹ̀. Ó ní, "Báwo ni ẹ ó ṣe sọ ọ́ fún wọn?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dánrawò. Mo ní n ó sọ pé a jà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, àbí láti ọjọ́ kan sí èkejì. Bí mo ṣe sọ ọ́, ara rẹ̀ nípọn. Mo ní n ó sọ pé ó ní èékánná bí àdá, èékánná náà yọ. Mo ní n ó sọ pé iná ń jáde ní ẹnu rẹ̀, ooru bà mí lójú. Nígbà tí mo fẹ́ dìde fi hàn bí mo ṣe yìnbọn, n kò lè dìde. Apá àga ti wé mọ́ mi lára bí ìtàkùn, ó sì ń fún mi sí i ní gbogbo ìgbà tí mo bá fi adùn kún ọ̀rọ̀ mi. Orí méje ti tẹ̀ bò mí lórí. Ó ní, "Ẹ máa bá a lọ. Ó kù díẹ̀ kí n lè rìn dé ìlú yín. Ẹ̀yìn yín ni n ó gùn lọ."

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yé mi. Ohun tó jẹ́ kò ju ohun tí mo fi ẹnu mi yà fún un. Mo pa ẹnu mọ́. Iṣẹ́ ọdẹ ni ká dákẹ́, mo ti lúgọ de ẹran débi tí èèrà ń gba ojú mi kọjá, ṣùgbọ́n dídákẹ́ tọjọ́ náà ló le jù. Ó bẹ̀ mí kí n sọ̀rọ̀. Ó ní kí n tilẹ̀ bú òun, kí n wàásù sí òun, kí n gbàdúrà lòdì sí òun pẹ̀lú ariwo, pé èyíkéyìí yóò tẹ́ òun lọ́rùn. N kò fọhùn. Ó wá sọ pé ẹfọ̀n tí mo ń fọ́nnu nípa rẹ̀, àìsàn ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin mọ̀ mí. Mo bu ahọ́n mi jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ, n kò fọhùn. Orí kan wọlé, òmíràn wọlé, èékánná já bọ́, adé di ewé gbígbẹ. Nígbà tó yá, ojú dídán yẹn nìkan ló kù, ó tín-ín-rín bí èéfín sìgá, ó ń sọ pé "jọ̀wọ́". Àga tú mi sílẹ̀. Mo ju ìwo náà sílẹ̀, mo sì sá. Ẹni tó bá ní ọdẹ kì í sá, kó lọ síbẹ̀ lọ jókòó.

Ẹ má bi mí bóyá ẹlẹ́tàn ìkẹyìn yẹn ń bọ̀ lóòótọ́. Onígbàgbọ́ ni mí, wọ́n ti kọ ọ́ fún wa pé ó ń bọ̀, n kò bá ẹni tó kọ ọ́ jà. Ṣùgbọ́n ibì kan náà ni wọ́n ti kọ ọ́ pé irú rẹ̀ púpọ̀ ti wà níta, n kò sì tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn ṣe ìsọjí. Ohun tó wà lọ́kàn mi bí mo ṣe ń sá bọ̀ kì í ṣe ìwàásù. Ọwọ́ mi ṣófo. Mo kọ irọ́ kí n tó bọ́ lọ́wọ́ ẹlẹ́tàn yẹn, ṣùgbọ́n òtítọ́ tí mo ń gbé bọ̀ lè pa Akínlàjà.

Ní ẹsẹ̀ àpáta, mo bá Rúùtù, ó ti di ẹrù rẹ̀ kọ́ èjìká. Lókè, wọ́n ṣì ń jà lórí àárọ̀ àti ọ̀sán. Ó ní, "Mo ti ronú. Bí Ó bá ń bọ̀, Ó mọ ilé mi." A jọ ń lọ, mo ń ràn án lọ́wọ́ níbi tí ọ̀nà bá ti le. Aṣẹ́yìnwò kò bi wá ní nǹkan kan. Ó ní ẹni tó ń padà sílé, òun ń rí i dáadáa. Lójú ọ̀nà, mo sọ ọ̀rọ̀ ìlú wa fún ìyá náà, mo sọ ti Akínlàjà, mo sọ ti Wòlíì wa.

Ó ní, "Kí ni orúkọ Wòlíì náà?"

Mo ní, "Eṣíkíẹ́lì. Láti kékeré ni ó ti ń ríran. Ó ní ìyá òun kò kú, a gbà á sókè lójijì láti oko, bàtà rẹ̀ nìkan ni wọ́n bá níbẹ̀. Orí bàtà yẹn ni wọ́n dá ìjọ náà sílẹ̀."

Ìyá náà dúró. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ní, "Bàtà yẹn há mi lẹ́sẹ̀ ni mo fi bọ́ ọ." Láti ibẹ̀, èmi ni mo ń sáré kí n lè bá a.

Ìsìn Ìkórè ti parí nígbà tí a wọ Ìrójú. Gbogbo ìlú ti kóra jọ síwájú ilé Akínlàjà, kẹrosíìnì wà lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin, àwọn akọrin wà nínú aṣọ wọn. Akínlàjà jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún. Wòlíì rí mi, ó ní, "Jóòbù, o rí i àbí o kò rí i?"

Mo ní, "Mo rí i. Kò ní ojú kankan, àfi èyí tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bá yà fún un. Ọkùnrin tó jókòó yìí kọ́ ni."

Ó ní, "Ẹ̀rí dà?"

Mo ní, "Wọ́n fún mi ní ìwo kan. Irọ́ ni, mo jù ú sílẹ̀."

Wọ́n hó lé mi lórí. Ẹnìkan ti ṣí kẹrosíìnì. Rúùtù wá la àárín wọn kọjá pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, ó dúró níwájú Wòlíì, ó ní, "Eṣíkíẹ́lì." Kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ láìfi Wòlíì ṣáájú. Ó wo ìyá náà, ojú rẹ̀ yí padà, ó sì fà sẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ̀mí ẹlẹ́tàn ló gbé àwọ̀ ìyá mi wọ̀. Ẹ má súnmọ́ ọn."

Bàbá Láńpéjọ, tó dàgbà jù nínú ìjọ, ti fi ọ̀pá rẹ̀ rìn wá wò ó. Ó ní, "Rúùtù ìyàwó Adéògún ni. Mo wà níbi ìgbéyàwó rẹ̀."

Rúùtù kò wo ẹlòmíràn. Ó ní, "Ẹnikẹ́ni kò gbà mí sókè. Ẹsẹ̀ mi ni mo fi rìn lọ. Oníwàásù kan kọjá, ó ní Olúwa ń bọ̀ ní ọjọ́ báyìí, mo sì fi ọ́ sílẹ̀ ní ọwọ́ ìyá bàbá rẹ. Ọjọ́ náà pé, Kò dé. Wọ́n dá òmíràn. Nígbà tó yá, ìtìjú ni kò jẹ́ kí n padà, kì í ṣe ìgbàgbọ́." A ń gbọ́ bí kẹrosíìnì ṣe ń kán sílẹ̀. Wòlíì yí ẹ̀yìn padà, ó rìn lọ láàárín àwọn akọrin, kò sẹ́ni tó tẹ̀ lé e.

Akínlàjà dìde, ó gbé àpótí tó jókòó lé wá. Ó ní, "Màmá, ẹ jókòó. Ọ̀nà yẹn jìn." Ó lọ bu omi wá. Àwọn ará ìlú mi bẹ̀rẹ̀ sí í túká, olúkúlùkù pẹ̀lú ìdí tirẹ̀. Ẹnìkan ní òun kàn wá yá ayùn ni. Ẹni tó gbé kẹrosíìnì ní òun ń gbé e lọ fún ìyàwó òun, òun kàn gba ibẹ̀ kọjá. Ajíhìnrere oníṣirò ní òun ti ń fura láti ọjọ́ yìí pé kẹ̀kẹ́ náà kò yẹ kó wà nínú rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ kí ìyá náà nílé Akínlàjà, níbi tó sùn. Wòlíì ni mo bá níta, ó di ọgbà mú, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́, kò lè kan ilẹ̀kùn, kò sì lè lọ. Akínlàjà ṣílẹ̀kùn. Kò sọ nǹkan kan nípa àná. Ó ní, "Wọ́n wà nínú ilé, ẹ máa wọlé bọ̀." Rúùtù ń jẹ ẹ̀kọ gbígbóná nídìí fèrèsé. Wòlíì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ọkùnrin tí gbogbo ìlú ń dọ̀bálẹ̀ fún, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀, kò mọ ohun tó kàn. Ìyá rẹ̀ wò ó. Ó ní, "Ṣé o ti jẹun?"

Ó ní, "Rárá, Màmá."

Ìyá náà sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sún abọ́ náà sáàárín àwọn méjèèjì. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìwàásù, mo ti gbọ́ púpọ̀ lẹ́nu ọkùnrin yẹn, nípa ìwo, nípa orí méje àti ọjọ́ tí oòrùn yóò ṣókùnkùn. "Rárá" tó sọ lórí ilẹ̀ yẹn nìkan ni mo gbà gbọ́ tán.